Eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ gíga: Ta ni yóò pe ará Ìwó wá wòran?

Àwọn àgbà ló ń sọ pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ibi yòówù kí ẹyẹ náà fò dé láti wá oúnjẹ, ilé ni yóò padà sí. Kò sí ìlú tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé tó Ìwó, nítorí pé ìlú odídẹrẹ́ ni tilé toko mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ṣe rí ní àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lónìí, àwọn odídẹrẹ́ ń fò lọ lóòótọ́, ìtẹ́ tí wọn ì bá padà sí gan-an ni a kò rí.

Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ẹ rìn yí Ìwó ká. Inú àwọn ilé tí wọ́n ti ń gbowó fún wíwo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣàn ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń kún sí. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal àti Chelsea, wọ́n mọ iye tí wọ́n rà wọ́n, wọ́n sì mọ ẹsẹ̀ tí ó ń dun ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ta ni balógun ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí ó wà nínú ìlú tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò máa wo ojú ara wọn. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn eré. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó pè wọ́n wá wòran.

Ìwó kì í sì í ṣe ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ jẹ níyà. Kí àwọn òyìnbó amúnisìn tó lọ ni Baptist College ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà dá Yunifásítì Bowen sí, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fún ní ìwé àṣẹ lọ́dún 2001. Yunifásítì Westland tún dé lẹ́yìn náà. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní ìlú náà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta nìyẹn nínú ìlú kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ tí ó lè sáré, tí ó lè fò, tí ó sì lè gbá bọ́ọ̀lù wà nínú gbogbo wọn.

Àgbàlagbà tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún lè jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, ọjọ́ ìdíje eré sísá nílé ìwé jẹ́ ọjọ́ ọdún. Ìyá á ti ọjà wálé, bàbá á fi àdá sílẹ̀, ọmọ tí ó bá gba ipò kìíní ni gbogbo àdúgbò yóò máa kí. Ilé ẹ̀kọ́ ni orílẹ̀-èdè yìí ti ń rí àwọn akọni rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Ìbàdàn ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, òun kan náà sì ni ó ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pápá fún ikọ̀ IICC Shooting Stars nígbà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún 1976. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Surulere, góòlù méjì ni ó jẹ, Múdà Lawal jẹ ìkẹta, Nàìjíríà sì fi 3 sí òdo na Algeria láti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà nígbà àkọ́kọ́. Adokiye Amiesimaka, tí òun náà wà nínú ikọ̀ yẹn, ìmọ̀ òfin ni ó kọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ìwé kò dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù kò sì dí ìwé lọ́wọ́.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ girama, ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá ilé ìwé ní Èkó ni ó gbé Stephen Keshi àti Henry Nwosu jáde láti St. Finbarr's College ní Akoka. Keshi yìí ni ó jẹ́ balógun ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1994, òun náà ni ó sì jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà tí wọ́n tún un gbà lọ́dún 2013. Ẹni tí ó bá rí i nígbà tí ó wọ aṣọ ilé ìwé kò lè gbàgbé pé òun ti mọ̀ ọ́n rí kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Adùn tí ó wà nínú eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn: ará àdúgbò ni ó máa ń kọ́kọ́ rí ìràwọ̀.

Kí wá ni ó ṣẹlẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni pé àwọn ìdíje tí ó wà kò ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́dún 1966 ni wọ́n ṣe ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NUGA, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Márùn-ún péré ni yunifásítì tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà: Ìbàdàn, Nsukka, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ní kí ìdíje náà máa wáyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yunifásítì Èkó gbà á lálejò ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó bá ṣírò ọdún méjì méjì láti 1966 yóò rí i pé ìkọkàndínlọ́gbọ̀n ni ì bá jẹ́. Ìdíje mẹ́ta ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Ọmọ tí ó bá wọ yunifásítì fún ọdún mẹ́rin lè wọlé kí ó sì jáde láìrí ju ẹ̀ẹ̀kan péré lọ.

Ìdíje ti ọdún 2022 náà tún ní ìtàn tirẹ̀. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún yẹn ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn eléré ń sáré lórí pápá ní Èkó, ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà ní títì. Inú olólùfẹ́ eré lè dùn pé ìdíje náà wáyé, síbẹ̀ kò sí bí ọkàn rẹ̀ ṣe lè balẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀kọ́ ti dúró nínú rẹ̀ kò lè gbé eré dúró pẹ́.

Ohun kejì ni ògiri. Yunifásítì tí ó wà ní Nàìjíríà báyìí ti lé ní 250, àwọn tí ó sì jẹ́ ti aládàáni pọ̀ jùlọ nínú wọn. Àwọn aládàáni tilẹ̀ ní ẹgbẹ́ ìdíje tiwọn, NPUGA, gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ṣe ní NIPOGA, tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sì ní NICEGA. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, pàápàá àwọn aládàáni, ni ó mọ odi yí ara wọn ká nítorí àbò àwọn ọmọ tí òbí fi sí ìkáwọ́ wọn. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí fún ìyẹn ní ayé ajínigbé tí a wà yìí. Síbẹ̀, odi tí ó ń dáàbò bo ọmọ náà ni ó ń dí ojú ará ìlú. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà, ariwo wọn sì ń dé etí ẹni tí ń kọjá lọ ní títì, ẹni náà kò mọ ẹni tí ó jẹ góòlù.

Ohun kẹta ni ọ̀nà òkè òkun. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń fi eré ìdárayá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà. Andy Atuegbu wà nínú ikọ̀ Yunifásítì San Francisco tí ó gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 1975 àti 1976. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà kọ̀ láti kópa nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ti Montreal lọ́dún 1976, Thompson Usiyan gba Yunifásítì Appalachian State lọ, góòlù 109 ni ó sì jẹ níbẹ̀ kí ó tó parí. Hakeem Ọlájuwọ́n kúrò ní Èkó lọ sí Yunifásítì Houston. Ibẹ̀ ni ó ti di ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n, tí wọ́n fi kọ́kọ́ mú un ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1984. Fálílátù Ògúnkọ́yà kọ́ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Mississippi State kí ó tó gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú eré oní 400 mítà ní Atlanta lọ́dún 1996. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba Yunifásítì Texas tí ó wà ní El Paso kọjá. Lọ́dún 2022, ní ìlú Eugene, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré oní 100 mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà, kò sì sí obìnrin kankan láyé tí ó ti sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kò ní dùn sí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹni tí ebi ń pa kì í dúró de ọbẹ̀ tí kò tíì hó. Ohun tí ó ń dun olólùfẹ́ eré ni pé yunifásítì àjèjì ni ó ń jẹ orúkọ wọn, ará ibẹ̀ ni ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ó sì kù fún ilé ni kí wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà tí ìdíje àgbáyé bá dé.

Ọ̀nà náà gan-an sì ti ń há. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wà nínú wàhálà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọdún pípẹ́, òfin wọn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe eré kò gbọdọ̀ gba owó kọjá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti oúnjẹ àti ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọye owó ni àwọn yunifásítì ń pa lórí tẹlifíṣàn. Láti oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí ó jẹ́ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè pín owó tí ó tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ láàrin ọdún kan. Ọmọ tí ó wà ní yunifásítì kan lónìí lè wà ní òmíràn lọ́dún tí ń bọ̀, níbi tí owó ti pọ̀ jù. Àwọn yunifásítì tí ó ti ń bá ara wọn figagbága láti ayé àwọn bàbá wọn ti tú ká nítorí owó tẹlifíṣàn. Nínú àwọn méjìlá tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Pac-12 ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, mẹ́wàá ni ó ti bá ibòmíràn lọ nígbà tí ó fi di ọdún 2024. Àgbàlagbà ará Amẹ́ríkà tí ó ti ń tẹ̀lé ikọ̀ kan láti kékeré ń kédàárò pé òun kò dá wọn mọ̀ mọ́.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ọmọ wa. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò níbẹ̀, òfin físà náà kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ owó kọjá ìwọ̀nba tí ó là sílẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ kan lè máa kó owó, kí ọmọ tiwa tí ó yára jù ú lọ máa wò ó lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà dín ọ̀pọ̀ físà tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà kù sí ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré láàrin oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún náà, Ààrẹ Donald Trump tún fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó dí ọ̀nà mọ́, físà akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú rẹ̀. Òbí tí ó ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó sáré dáadáa kí òyìnbó lè wá mú un lọ gbọ́dọ̀ tún èrò rẹ̀ pa.

Ọ̀rọ̀ náà wá di ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ eré kì í yẹ̀, òǹwòran kì í wọ́n, owó ni ó fẹ́ pa á. Ní Nàìjíríà, owó kò tíì ba nǹkan kan jẹ́ nínú eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ àti òǹwòran ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí Nàìjíríà ṣaláìní yìí ni ó rọrùn láti wá jù nínú méjèèjì.

Àpẹẹrẹ ti wà nílẹ̀. Lọ́dún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní HiFL. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba àlejò nínú ọgbà tirẹ̀, òun náà a sì lọ ṣe àlejò ní ibòmíràn. Wọ́n fún ara wọn ní ìnagijẹ: Pirates ni ti Ìbàdàn, Giants ni ti Ifẹ̀, Marines ni ti Èkó, Warriors ni ti Ìlọrin. Láìpẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bìkítà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ ikọ̀ wọn, tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń jó. Ohun tí ó yí wọn padà kò ju pé wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n mọ ibi, wọ́n sì mọ ẹni tí àwọn fẹ́ ṣẹ́gun. Ibi tí ó kù sí ni pé ìdíje náà kò lè gba gbogbo ilé ẹ̀kọ́, àwọn ìlú bí Ìwó sì wà lẹ́yìn.

Kò sì sí ìdí tí Ìwó fi gbọ́dọ̀ dúró de Abuja. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà nínú ìlú kan, tí ọkọ̀ kan lè kó eléré láti ọ̀kan lọ sí èkejì láìlo epo púpọ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu kò pé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, ọ̀kan yóò gba èkejì lálejò, kò ní ná wọn tó owó aṣọ aláràbarà tí wọ́n ń rán fún ayẹyẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń gba owó eré ìdárayá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó lọ nìyẹn. Ní ti àbò, wọ́n lè lo pápá tí ó wà láàrin ìlú, kí ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ìlú wà níbẹ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ kó àwọn ọmọ wá, kí ó sì kó wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé ni òbí rán ọmọ lọ kọ́, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Owó ilé ìwé wọ́n, kò sì sí àgbẹ̀ tí ó ta kòkó rẹ̀ kí ọmọ lè lọ máa gbá bọ́ọ̀lù kiri. Ṣùgbọ́n eré kan lóṣù kò lè pa ìwé lára. Ohun tí ó ń pa ìwé lára ni ìyanṣẹ́lódì, ni fífi òru mọ́jú nídìí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí fóònù, ni egbòogi olóró tí àìríṣẹ́ṣe ń tì wọ́n sí. Ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ pé òun yóò sáré lójú ìyá àti bàbá òun ní Sátidé kì í fi ara rẹ̀ ṣòfò ní ọjọ́ Ẹtì.

Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ìgbà kan wà tí kò sí ilé ìwé girama tí kò ní olùkọ́ eré ìdárayá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé lónìí, pápá ti di oko, àwọn mìíràn ti di ilé ìtajà. Bí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìwó bá ń mójú tó eré àwọn ọmọ girama gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀kọ́ wọn, kí eré àwọn ọmọ náà sì máa ṣáájú ti àwọn àgbà ní Sátidé kan náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá yóò rí ẹni tí ó lè fi ṣe àwòkọ́ṣe nítòsí. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ fagi lé iléeṣẹ́ ètò eré ìdárayá, tí ó sì gbé iṣẹ́ náà padà fún àjọ National Sports Commission. Ohun tí àwọn ará ìgbèríko yóò fi mọ̀ bóyá ìyípadà yìí lérè kì í ṣe iye àmì ẹ̀yẹ tí a gbà ní òkè òkun nìkan. Wọn yóò wò ó bóyá NUGA, NIPOGA àti NICEGA ń wáyé ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí ọdún méjì bá ni àdéhùn, kí ó jẹ́ ọdún méjì, ẹni yòówù kí ó wà lórí àlééfà.

Ìrètí olólùfẹ́ eré kò pọ̀ rárá. Kò bèèrè pápá olówó ńlá, kò sì retí pé kí Bowen di Houston. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé bí òun bá ti ọjà Ìwó ń bọ̀ ní Sátidé, kí òun gbọ́ pé eré wà ní aago mẹ́rin, kí òun jókòó sí abẹ́ igi, kí òun rí ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ya bí afẹ́fẹ́, kí òun sì béèrè pé, “Ọmọ ta nìyí?” Ọmọ tí ìlú bá ti béèrè orúkọ rẹ̀ báyìí lè lọ sí El Paso tàbí ibòmíràn bí ọ̀nà bá là fún un. Yóò mọ̀ pé àwọn kan wà nílé tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún òun kí òyìnbó tó mọ òun, ìtẹ́ tí yóò sì padà sí kò ní ṣòro fún un láti rí.